A Kì Í Pàtẹ́wọ́ fún Aago

Ní Ìdó-Ọ̀gbẹ̀, bí ẹnìkan bá ń ka iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ sí wa létí, tó ń kà á léní èjì, tó sì ń wojú wa bóyá a ó yìn ín, àgbàlagbà kan yóò rọra sọ pé, "A kì í pàtẹ́wọ́ fún aago." Àlejò á máa wo ara ògiri, á máa wá aago tí wọ́n ń bá wí. Àwọn ọmọ wa pàápàá ń sọ ọ́ láìmọ ibi tó ti wá. Aago kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí ló dé tí a fi ń fi àtẹ́wọ́ dù ú? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí àwa tó ṣojú wa kò pọ̀ mọ́.

Láyé ìgbà náà, ọjọ́ kejì Àjíǹde ni ọjọ́ eré sísá ní pápá ilé ìwé wa. Bó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, àwa obìnrin á ti máa kó eérú ààrò wa pamọ́, nítorí eérú la fi ń fa ìlà sórí pápá. Ìyá àgbà kan ló ń ran òwú tí wọ́n ń nà sí òpin eré; ẹni tó bá kọ́kọ́ fi àyà já a ló borí. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́, ọjọ́ náà ni mo máa ń rántí. Pápá àwọn ọmọ ìsinsìnyí dára ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n n kò ní bá wọn ṣe pàṣípààrọ̀.

Eré igba yáàdì ni gbogbo ìlú ń dúró dè, ọkùnrin méjì ló sì ni ín. Olúgbódi, bíríkìlà, ló ń sá fún àdúgbò wa, Òkè-Ọjà. Ìka mẹ́fà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, àwọn ará Ìsàlẹ̀-Odò sì máa ń sọ pé òjóró ni ìka kẹfà yẹn. Abíọ́nà, tó ń fẹsẹ̀ gbé lẹ́tà lọ sí àwọn abúlé, ló ń sá fún Ìsàlẹ̀-Odò. Ojú ọ̀nà oko ni ìyá rẹ̀ bí i sí, àwa náà a sì máa ní kò tíì dúró láti ọjọ́ náà. Lọ́pọ̀ ọdún, àwọn méjèèjì jọ ń já òwú náà pọ̀ ni. Ìgbà náà ni ìjà á bẹ́, tí fìlà á máa fò kiri.

Ìyàwó ilé wọn ni mo jẹ́, n kì í sì í pe Olúgbódi lórúkọ nígbà náà. Ayára-bí-àṣá ni mo ń pè é. Ojú ìyá rẹ̀ ti fọ́ kí Olúgbódi tó mọ̀ ọ́n rìn, síbẹ̀ ìyá yìí kò pa ọjọ́ eré kan jẹ rí. Èmi ni mo máa ń fà á lọ́wọ́ lọ sábẹ́ igi káṣú, etí ló sì fi ń wòran. Bí ariwo bá ta níhà kan, á ní, "Wọ́n ti kọjá ìdí òroǹbó." Bí ohùn Ìsàlẹ̀-Odò bá ròkè, á di apá mi mú: "Abíọ́nà ń lé e bá." Ohun kan ṣoṣo tí Olúgbódi ń fẹ́ ni kí ìyá òun mọ̀ dájú, láìsí àríyànjiyàn, pé kò sẹ́ni tó yára tó òun.

Ọdún kan ni ọ̀gá ilé ìwé tuntun dé, Tíṣà Adétifá, pẹ̀lú aago kan tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì tún ń tẹ̀ kó dúró. Ìjà ìdí òwú ti sú u. Ó ní, "Lọ́dún yìí, kálukú yóò dá sá tirẹ̀. Aago kò ní ẹbí ní Òkè-Ọjà, kò sì ní àna ní Ìsàlẹ̀-Odò." Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ náà dára. Kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ dùn tó Olúgbódi.

Abíọ́nà ló kọ́kọ́ sá tirẹ̀. Nígbà tó kan Olúgbódi, ó sáré bí n kò ṣe rí i kó sá a rí. Tíṣà tẹ aago, ó wò ó, ó sì kígbe. "Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlélógún. Kò sẹ́ni tó sá a bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo agbègbè yìí. Ẹ pàtẹ́wọ́."

Ẹni méjì tàbí mẹ́ta pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yán. Ìyá Olúgbódi yí ojú sí mi.

"Ìyàwó mi, ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Kí n tó dáhùn, Olúgbódi alára ti dé, ó ń mí hẹlẹ, ó sì ti gbọ́. Ó lóṣòó níwájú ìyá rẹ̀.

"Mo ti sá a tán, ìyá mi. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàlélógún ni."

"O káre. Ta lo fi sẹ́yìn?"

"Aago ni."

Ìyá dẹ etí sí pápá. "Aago náà ń sáré bọ̀ ni?"

"Rárá, ìyá mi. Ọwọ́ Tíṣà ló wà."

"Má bínú, ọmọ mi. Mo fetí sílẹ̀ gan-an, n kò gbọ́ ọ."

Omi bọ́ lójú ọkùnrin yìí. Ó dìde, ó lọ dúró nídìí ògiri ilé ìwé níbi tí Tíṣà ti ń fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ rẹ̀ àti iye náà. Nígbà tí Tíṣà kọ̀wé tán, ó tọ ìyá wá, inú rẹ̀ kò dùn.

"Ìyá, ẹ̀yin pàápàá ò pàtẹ́wọ́. Ọmọ yín mà ni."

"Ẹ má bínú, Tíṣà," ni ìyá wí. "A kì í pàtẹ́wọ́ fún aago. Ẹ fún ọmọ mi ní ẹni tí yóò lé e."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Olúgbódi lọ bá Abíọ́nà nílé. Ó ní kó wá bá òun sáré.

"Ṣebí o ti borí mi," ni Abíọ́nà dáhùn. "Orúkọ rẹ wà lára ògiri."

"Ìyá mi ò gbọ́."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n má retí pé màá ṣàánú ìyá ẹ o."

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a tún da eérú, a tún na òwú. Tíṣà gbà, àmọ́ ó ní òun yóò di aago òun mú. Fèrè dún, ariwo sì sọ. "Ọmọ mi wà níwájú," ni ìyá wí. Ohùn Ìsàlẹ̀-Odò ròkè. "Abíọ́nà ti dé èjìká rẹ̀. Ó ti kọjá rẹ̀." Gbogbo Òkè-Ọjà lọgun lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá sì dìde dúró, ohun tí kò ṣe rí. "Ó tún ti bá a!" Òwú já.

Ta ló já a? Ẹ má bi mí. Ojú Tíṣà ló yẹ kó tó o, ṣùgbọ́n òun náà ń fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́, aago ti bọ́ sínú koríko. Nígbà tí wọ́n máa rí i, ó ṣì ń ka iye eré tó ti parí tipẹ́.

Olúgbódi dé ọ̀dọ̀ wa. "Ìyá mi, wọn ò mọ ẹni tó borí o."

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì wá ojú rẹ̀ rí, ó nu òógùn rẹ̀. "Mo rí ọ, Olúgbódi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo rí ọ."

Olúgbódi gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Èmi náà sunkún, ojú kò tì mí láti sọ ọ́.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí, ó ku èmi. Iye tó wà lára ògiri kò sẹ́ni tó sá a tó o títí wọ́n fi wó ilé náà, kò sì sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ṣùgbọ́n eré Sátidé yẹn, tí a kò mọ iye rẹ̀, wọ́n ṣì ń jà lórí rẹ̀. Níbi ìkómọ oṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ Abíọ́nà ní bàbá àgbà òun ló borí, mo sì sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. A kì í pàtẹ́wọ́ fún aago.