Oúnjẹ Tí Àwẹ̀ró Fi Gba Ara Rẹ̀ Sílẹ̀

Nígbà tí wọ́n ṣì ń fi owó ẹyọ ná ọjà, obìnrin kan wà ní ìlú Etídò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí ìyá bàbá rẹ̀ kú. Bàbá rẹ̀ kò lówó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní sin ìyá òun bí ẹni sin adìẹ. Ó lọ yá ọ̀kẹ́ owó kan lọ́wọ́ Ọ̀jẹ́wálé, olówó ìlú, ó fi pa màlúù, ó sì fi bọ́ ará ìlú fún ọjọ́ méje. Nígbà tí àwọn tó jẹun nu ọwọ́ wọn tán, kò sí ẹnìkan nínú wọn tó bi í pé níbo lowó ti wá. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láyé ìgbà náà, ó fi Àwẹ̀ró ṣe ìwọ̀fà sílé Ọ̀jẹ́wálé títí owó yóò fi padà. Kò pẹ́ tí bàbá náà fi kú, ó sì fi gbèsè náà sílẹ̀ fún ọmọ.

Kí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà má baà ṣì mí gbọ́, ó yẹ kí n là á yé e. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín gbèsè kù rárá. Èlé lásán ni iṣẹ́ náà. Ìwọ̀fà lè ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún, kó hu ewú sí i, ọ̀kẹ́ owó náà á ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ẹyọ kan kò ní dín níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí àṣà fi sílẹ̀ fún un ni ọ̀sán. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, ìwọ̀fà ti bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀ di ìdájí ọjọ́ kejì. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi ọ̀sán yìí sùn, n kò sì bá wọn wí. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn láti ìdájí ló mọ bí oorun ṣe dùn tó.

Àwẹ̀ró pàápàá fi ọdún mẹ́fà sun oorun yẹn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa fún Ọ̀jẹ́wálé ni iṣẹ́ tirẹ̀ wà. Inú kòtò ló máa ń wọ̀, tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn títí èékánná rẹ̀ yóò fi pọ́n. Lọ́jọ́ kan, ó ru omi ń kọjá lọ níwájú ilé, ó sì gbọ́ tí àlejò kan ń bi Ọ̀jẹ́wálé bóyá ọmọ rẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí.

"Ìwọ̀fà mi ni," ni Ọ̀jẹ́wálé dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ kà á mọ́ ẹrù ilé. Bàbá rẹ̀ ti kú, àbúrò bàbá rẹ̀ sì ń sá fún mi lójú ọ̀nà. Ta ló fẹ́ san án? Ibí yìí ni yóò gbó sí."

Inú bí Àwẹ̀ró gan-an. Kì í ṣe inú bíbí tí èèyàn ń fi ẹkún lé lọ; èyí jókòó sí i lọ́kàn, kò sì dìde níbẹ̀ mọ́. Ó sọ omi kalẹ̀, ó parí iṣẹ́ àárọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sán pọ́n, kò wọ yàrá lọ sùn. Ọ̀dọ̀ opó kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́pà ló gbà lọ, ẹni tó ń ta ẹ̀pà ní ẹnu ọ̀nà ọjà.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín pa ẹ̀pà," ni Àwẹ̀ró wí, "kí n máa yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú èèpo fún yín."

"Owó rẹ̀ kéré, ọmọ mi," ni Ìyá Ẹlẹ́pà fèsì. "Ẹyọ márùn-ún ni agbọ̀n kan. Bí ọwọ́ rẹ bá tiẹ̀ yá, agbọ̀n méjì lo lè pa kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Ẹyọ mẹ́wàá sàn ju oorun lọ."

"Èló ni gbèsè ọ̀hún?"

"Ọ̀kẹ́ kan, ìyá mi."

Ọ̀kẹ́ kan, ẹgbàáwàá ẹyọ owó ni. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á mọ̀ pé ẹgbàá ọ̀sán ni yóò fi pa ẹ̀pà kí ó tó kó o jọ. Ìyá Ẹlẹ́pà mọ ìṣirò dáadáa, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ràn obìnrin náà nítorí ìyẹn. Ó kàn ti agbọ̀n kan sún mọ́ ọn.

Nígbà tí igba ẹyọ pé lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ó kó o tọ Ọ̀jẹ́wálé lọ pé kí ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jẹ́wálé wo owó náà, ó wo ojú rẹ̀.

"Kí n wá fi èyí ṣe kí ni? Kí n fi ra iyọ̀? Odindi ni mo gbé owó mi fún bàbá rẹ, odindi ni kí ìwọ náà gbé e wá. Àwẹ̀ró, lọ sùn. Ẹ̀pà pípa ò lè sọ ẹ́ di òmìnira."

Gbogbo àwọn tó wà lọ́ọ̀dẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró kó owó rẹ̀, ó kúnlẹ̀ bí ọmọ ilé ire. "Ó dáa, Baba," ni ó wí, "odindi náà lẹ ó gbà." Ó lọ bá Ìyá Ẹlẹ́pà, wọ́n ri ìkòkò kan mọ́lẹ̀ lábẹ́ ibùsùn opó náà, wọ́n sì da igba ẹyọ náà sínú rẹ̀. Kò dún púpọ̀.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ jẹ́ ti ẹyìn, ọ̀sán jẹ́ ti ẹ̀pà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Ẹlẹ́yọ-mẹ́wàá. Bí wọ́n bá pè é, á jẹ́ wọn, á tún bi wọ́n pé mélòó ni tiwọn. Ọdẹ kan tiẹ̀ wá fẹ́ ẹ, ó ní òun yóò san èyí tó kù. Àwẹ̀ró fẹ́ràn ọkùnrin náà. Síbẹ̀ ó sọ fún un pé, "Bí o bá san án, ìwọ ni màá wá jẹ ní gbèsè. Dúró dè mí kí n tán an." Ọdẹ náà dúró fún ọdún kan, lẹ́yìn náà ó gbé ẹlòmíràn níyàwó. Ó dun Àwẹ̀ró títí òjò ọdún yẹn fi dá, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀sán kan tí agbọ̀n rẹ̀ kò kún.

Ní ọdún kẹfà tó ti ń pa ẹ̀pà, òun àti Ìyá Ẹlẹ́pà ru ọ̀kẹ́ owó náà lọ síwájú Baálẹ̀ Etídò. Wọ́n kà á ní gbangba, ó pé. Ọ̀jẹ́wálé ní kí wọ́n tún un kà, ó tún pé. Ojú rẹ̀ wá rí bí ojú ẹni tó jẹ orógbó tó rò pé obì ni. Ẹ má rò pé owó ló ń wá. Ó ní owó. Ẹsẹ̀ tó ń bá a tẹ ẹyìn láti ọdún méjìlá ni kò fẹ́ kó lọ.

"Owó pé lóòótọ́," ni ó wí nígbà tó yá, "ṣùgbọ́n ó ku oúnjẹ ìtúsílẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni àṣà Etídò rí. Ọjọ́ tí ìwọ̀fà bá fẹ́ kúrò, ó gbọ́dọ̀ gún iyán ní àgbàlá olówó rẹ̀, kí olówó jẹ ẹ́ níṣojú Baálẹ̀, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun yó, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ìjà ni wọ́n fi yà. Bí oòrùn bá wọ̀ tí olówó kò tí ì yó, ìwọ̀fà yóò padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ọdún kan gbáko. Kò sí ẹni tí èyí ṣòro fún rí, nítorí pé odó àti ìkòkò inú ilé olówó náà ni gbogbo wọn ń lò. Ìwọ̀fà wo ló ní odó?

Baálẹ̀ fún un ní ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Ọ̀jẹ́wálé ti ti odó rẹ̀ àti gbogbo ìkòkò rẹ̀ mọ́ yàrá. Lẹ́yìn náà ó ránṣẹ́ yí àdúgbò ká pé ẹni tó bá yá Àwẹ̀ró ní odó tàbí ìkòkò, kí ó múra láti san gbèsè tirẹ̀ lọ́la. Ìdajì ìlú ló jẹ ẹ́ lówó. Ìyá Ẹlẹ́pà pàápàá jẹ ẹ́ ní owó irúgbìn. Àwẹ̀ró kan ilẹ̀kùn méje, ilẹ̀kùn méje ló bẹ̀ ẹ́ pé kó máà bínú. Ó padà wá jókòó sórí òkìtì èèpo ẹ̀pà lẹ́yìn ilé opó náà, ó ń ronú. Nígbà tó ṣe, ó mú èèpo kan, ó yí i wò, ó bu omi sí i. Omi náà kò jò.

Nígbà tí ọjọ́ pé, gbogbo ìlú ti kún àgbàlá Ọ̀jẹ́wálé. Ọ̀jẹ́wálé jókòó lórí àpótí. Láti àná ni kò ti jẹun, kí inú rẹ̀ lè gbà. Àwẹ̀ró wọlé, ó ru iṣu, ó kó ewé gbòòrò lọ́wọ́, ó gbé agbọ̀n kan tó kún fún èèpo ẹ̀pà tó ti rẹ sínú omi.

"Àwẹ̀ró, odó dà?" ni Ọ̀jẹ́wálé bi í.

"Ewé rèé, Baba."

"Ìkòkò ńkọ́?"

"Èèpo ẹ̀pà rèé."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Baálẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó bi Ọ̀jẹ́wálé bóyá ó gbà kí ó fi wọ́n se é.

"Mo gbà tọwọ́tẹsẹ̀," ni Ọ̀jẹ́wálé wí. "Kódà, gbogbo èyí tó bá gbé wá ni màá jẹ. Bí mo bá kọ òkèlè kan ṣoṣo, kí ẹ kà á sí pé mo ti yó."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò sí ẹni tó ní kó ṣèlérí yìí.

Àwẹ̀ró fi ewé tútù di iṣu, ó rì í mọ́ inú eérú gbígbóná títí ó fi jinná. Ó bó o, ó fi ewé mìíràn wé díẹ̀ níbẹ̀, ó fi òkúta odò gún un títí kò fi ní kókó mọ́. Ó po ẹ̀pà lílọ̀, ata, epo àti iyọ̀ nínú igbá rẹ̀, ó ń bu ú sínú èèpo ẹ̀pà, ó sì tò wọ́n sórí eérú kí wọ́n máa hó. Èèpo kan fún òkèlè kan ni.

"Ṣé eku lo ń fún lóúnjẹ ni?" ni Ọ̀jẹ́wálé wí nígbà tó gbé àkọ́kọ́ mì.

"Ẹ gba, Baba," ni Àwẹ̀ró wí, ó na èkejì sí i.

Bí iná ṣe ń kú lọ ni Ìyá Ẹlẹ́pà dìde láàárín èrò, ó fi àpáàdì gbé ẹ̀yinná wá láti ilé rẹ̀. Ọ̀jẹ́wálé bi í bóyá kò gbọ́ iṣẹ́ tí òun rán.

"Mo gbọ́," ni opó náà dáhùn. "Ẹ ní ká má yá a ní ìkòkò. Ẹ ò ní ká má yá a níná."

Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin mìíràn gbé ẹ̀yinná wá, òmíràn sì tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi yí iná náà ká. Kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

Òkèlè kéékèèké kì í dẹ́rù bani, ìdí nìyẹn tí Ọ̀jẹ́wálé kò fi tètè fura. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ àtàrí, ó tú okùn ṣòkòtò rẹ̀. Ó mu omi, ìyẹn ló sì tún bà á jẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń jẹ òkèlè kan fún ìgbà tí èèyàn lè fi bó iṣu, òógùn sì bo iwájú orí rẹ̀. Àwẹ̀ró ń gún, ó ń bù, ó ń gbé e lọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Nígbà tó bojú wo inú ewé àti inú igbá, ó rí i pé òkèlè mẹ́ta péré ló kù. Oòrùn ṣì wà lókè igi, bí ọkùnrin yìí bá sì gbé mẹ́ta yìí mì, ọdún kan mìíràn nínú kòtò ẹyìn ni. Ó ṣe bí ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún òkèlè nílẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú mẹ́ta náà, ó rìn lọ bá a.

"Ẹ gba, Baba. Iná ṣì ń jó."

Ọ̀jẹ́wálé wo iná, ó wo àwọn obìnrin tó yí i ká, kò ráyè wo inú igbá. Ó gba òkèlè náà, ó gbé e dé ẹnu, ẹnu kọ̀ kò là. Ó rọra gbé e sílẹ̀.

"Ó tó," ni ó wí.

"Kí lẹ wí, Baba? Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

"Mo ní mo yó."

Baálẹ̀ dìde, ó sọ fún gbogbo ìlú pé Àwẹ̀ró ti bọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n retí pé kó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀jẹ́wálé. Kò kúnlẹ̀. Ó padà sídìí iná, ó jókòó sílẹ̀ ní àgbàlá ọkùnrin náà, ó jẹ òkèlè méjì tó kù, ó fi ahọ́n lá inú èèpo méjèèjì.

"Ṣé ìyẹn tó ọ báyìí, ọmọ mi?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Mo yó, Baálẹ̀," ni Àwẹ̀ró dáhùn, ó sì yó lóòótọ́. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé, à báà gún iyán nínú ewé, ká se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó, á yó.