Òfin Sọ́rì ní Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà

Ọ̀gá Ṣódẹkẹ́ káfíńtà búra pé bí Àṣàbí, ọmọọṣẹ́ òun, bá tún fi ẹnu sọ "sọ́rì," kò ní gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́dún yìí, torí sọ́rì kì í mú pákó tí wọ́n gé kúrú gùn. Àṣàbí bi í níṣojú àwọn oníbàárà pé, "Bó bá wá jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ńkọ́, Ọ̀gá?" Ó ní, "Èmi kẹ̀? Lójú ẹsẹ̀ ni màá buwọ́ lu ìwé ẹ." Àṣàbí gbé àpótí, ó rìn dé iwájú ọ̀gá, ó kọsẹ̀, ó kígbe, "Yéè!" Kí àpótí tó balẹ̀, ọ̀gá ti dìde: "Sọ́rì! Sọ́rì o! Ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́?" Àṣàbí na ìwé àti bírò sí i, ó ní, "Ó ti ń múra àtirelé, sà."