Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Pariwo

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan létí òkun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi hẹlikọ́pítà gbé aláìsàn wá sí ilé ìwòsàn láti àwọn abúlé tí mọ́tò kò lè dé. Ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Hẹlikọ́pítà tó ti ń wà bọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ kéré, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní, ọkùnrin yìí sì mọ ìró rẹ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn tó ni iṣẹ́ gbé hẹlikọ́pítà tuntun dé.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé irú èyí tó jẹ́, ọ̀rẹ́ mi, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kò tóbi bí èyí tí ń kó ọ̀pọ̀ ọmọ ogun, kò sì kéré bíi ti àtijọ́. Àárín méjèèjì ló wà. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Bí a bá to àga sínú rẹ̀, ó di ọkọ̀ èrò. Bí a bá yọ àga, tí a tẹ́ ibùsùn pẹlẹbẹ síbẹ̀, ó di ọkọ̀ aláìsàn. A lè so ẹrù mọ́ ìkọ́ abẹ́ rẹ̀, kó gbé e fò. Ó lè dúró sójú kan lókè omi, kí wọ́n sọ okùn irin kalẹ̀ láti fa ẹni tó ń rì sókè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Àwọn méjèèjì ló jọ ń yí abẹ̀bẹ̀ ńlá orí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú lójú òfurufú, èkejì á gba ẹrù náà mọ́ tirẹ̀, á sì gbé èrò délé.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ṣe é jẹ́ onífura ènìyàn. Wọ́n fura sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n fura sí epo, wọ́n fura sí ooru àti òtútù, wọ́n tilẹ̀ fura sí ọwọ́ ẹni tí yóò wà á. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá fura sí, wọ́n á gbé e lọ dán wò. Wọ́n á gbé hẹlikọ́pítà náà gòkè, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹ́ńjìnnì kan, wọ́n á sì wo ohun tí èkejì máa ṣe. Wọ́n gbé e lọ sí aṣálẹ̀, wọ́n gbé e lọ sórí òkè tí yìnyín bò. Ohun tó bá já wọn kulẹ̀, wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á tún un ṣe. Ọdún gorí ọdún kí wọ́n tó gbà pé kí èrò wọ inú rẹ̀.

Gbogbo èyí ni wọ́n sọ fún atukọ̀ náà níbi tí wọ́n rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ó káwọ́ gbera, ó gbọ́ ọ, kò sì gbà á gbọ́.

Nígbà tó dé, ó sọ fún ẹnjiníà tó ń tún ọkọ̀ ṣe pé, "Ohun tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, èwo ló mọ̀ ọ́n ṣe nínú rẹ̀? Ẹ́ńjìnnì méjì sì tún rèé. Ẹ kó mi sílé olóbìnrin méjì. Bí ti àárọ̀ ò bá jà, ti ìrọ̀lẹ́ á jà."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. "Baba, ojú méjì lẹ fi ń ríran. Ṣé kí n bá yín yọ ọ̀kan, kí wàhálà lè dínkù?"

"Máa rẹ́rìn-ín lọ. A ó jọ rí i."

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti mọ́ àwọn ẹ́ńjìnnì náà lórí. Tọ̀tún di ìyálé, tòsì di ìyàwó. Ìyálé máa ń jí wọ́ọ́rọ́wọ́ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa tan ìyàwó, ó húkọ́, ó sì rú èéfín. Ẹnjiníà ṣí i, ó ní ìdọ̀tí díẹ̀ ló wọ ibi tí epo ń gbà, ó nù ún, ó tán. Kò húkọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Atukọ̀ kò gbàgbé. Láràárọ̀, kó tó gbéra, òun ló yẹ kó ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì méjèèjì kó yẹ̀ wọ́n wò. Yóò ṣí ti ìyàwó, yóò tan iná sí i, yóò máa gbóòórùn rẹ̀ bí ajá ọdẹ. Bó bá dé ọ̀dọ̀ ìyálé, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò kọjá.

Ẹnì kan tún wà tó ń fura sí. Hẹlikọ́pítà náà kì í ṣe èyí tí atukọ̀ kan lè dá wà, nítorí náà wọ́n fún un ní igbákejì, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí wọ́n bá ti gòkè, ojú obìnrin yìí kì í kúrò lára àwọn agogo kéékèèké iwájú wọn, àwọn tí abẹ́rẹ́ inú wọn ń sọ bí ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe. Atukọ̀ á máa bi ara rẹ̀ pé, kí ni eléyìí ń wò? Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé àga òun ló ń wò.

Àṣà kan sì wà láàárín àwọn tó ń wa irú ọkọ̀ yìí. Ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀pá kékeré tí a fi ń pa á bó bá bàjẹ́ lókè, kó má baà gbiná. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kì í dá fa ọ̀pá náà. Ẹni tó gbé ọwọ́ lé e gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ́ńjìnnì náà sókè, òsì tàbí ọ̀tún, kí ẹnì kejì wò ó, kó dáhùn, kí ọ̀pá tó lè kúrò lójú kan. Àṣà yìí bí atukọ̀ nínú. "Ṣé n óò wá máa tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹni tí mo ṣáájú lẹ́nu iṣẹ́ ni?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n ránṣẹ́ láti abúlé àwọn apẹja pé obìnrin kan ń rọbí, ọmọ kò sì wá. Wọ́n lọ gbé e. Ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn pẹlẹbẹ, nọ́ọ̀sì jókòó tì í, ìyá ọkọ rẹ̀ wà ní igun, ó ń gbàdúrà. Wọ́n kọrí sí ilé ìwòsàn. Omi nìkan ló wà lábẹ́ wọn.

Lójijì, hẹlikọ́pítà mì tìtì, ó sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkìlọ̀ ń dún. Ariwo ńlá ta láti apá òsì. Ìyàwó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń lù. Atukọ̀ wo agogo rẹ̀, ó rí i pé abẹ́rẹ́ ti fò sókè, ooru rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i.

"Mo ti sọ!" ló ké. "Mo ti sọ fún yín! Ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀!"

Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí ọ̀pá òsì. Kò dárúkọ, kò dúró de èsì. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ náà ti ń múra de ọjọ́ yìí.

Ọwọ́ mìíràn gbá a mú. Ti igbákejì rẹ̀ ni.

"Ọ̀gá, ẹ dárúkọ rẹ̀."

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò!"

"Ẹ dárúkọ rẹ̀ ná, sà."

"Òsì! Òsì ni! Ṣé o ò rí i pé ó fẹ́ jóná ni?"

"Mo rí i, sà. Ẹ bá mi wo ọ̀tún."

Kò fẹ́ wò ó. Kí lèèyàn ń wò lára ìyálé tí kì í dá wàhálà sílẹ̀? Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin náà kò kúrò, ó bá yí ojú síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọ̀tún ti sùn sílẹ̀ pátápátá. Ìyálé ti kú. Kò húkọ́, kò rú èéfín. Ó kàn dákẹ́ ni.

Ìgbà náà ló yé e. Ariwo tó ń gbọ́ kì í ṣe ariwo ẹni tó fẹ́ kú, ariwo ẹni tó ń dá ru ẹrù ẹni méjì ni. Ìyàwó nìkan ló gbé wọn dúró lókè omi, òun gan-an ni atukọ̀ sì fẹ́ pa.

Ó rọra gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá òsì, ó gbé e sí ti ọ̀tún. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ọ̀tún. Ṣé ọ̀tún ni?"

"Ọ̀tún ni, sà."

Ó fà á.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ṣe. Ẹ́ńjìnnì kan kò lè mú ọkọ̀ tó kún bẹ́ẹ̀ dúró sójú kan lófurufú, nítorí náà kò gbìyànjú láti dúró. Ó mú un wálẹ̀ níwọ̀nba níwọ̀nba, ó sì jẹ́ kó fi táyà sáré lórí pápá ilé ìwòsàn bíi bàálù títí ó fi dúró. Wọ́n gbé aboyún wọlé. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti bí ọmọbìnrin kan, ohùn ọmọ náà sì lọ sókè.

Ẹnjiníà ṣí ìyálé wò. Páìpù tó ń gbé epo lọ síbẹ̀ ti sán. Epo ti ń jò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ti di àbàwọ́n dúdú lábẹ́ ìbòrí. Ẹni tó bá ṣí i láàárọ̀ ì bá rí i. Ẹnjiníà wo atukọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí àwàdà lẹ́nu rẹ̀.

Atukọ̀ yíjú sí igbákejì rẹ̀. "Kí ló mú ọ wo ọ̀tún?"

"N kì í wo ọ̀tún nìkan, sà. Àwọn méjèèjì ni mo máa ń wò."

"Èmi rò pé àga mi lò ń wò."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àga yín le jù, sà. Ẹ̀yìn á máa dùn mí."

Ọkùnrin náà lọ sí apá òsì ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ lé ibi tí ooru kò tíì tán. "Ìyàwó," ó wí, "o kú iṣẹ́."

Ọ̀rẹ́ mi, òótọ́ ni pé ìfura loògùn àgbà. Ṣùgbọ́n oògùn ni, kì í ṣe oúnjẹ. Àwọn tó ṣe hẹlikọ́pítà náà lò ó bí oògùn: wọ́n fura sí gbogbo nǹkan, wọ́n sì yẹ gbogbo nǹkan wò. Atukọ̀ ń jẹ tirẹ̀ bí oúnjẹ àárọ̀ ni. Ẹnì kan ló ti dá lẹ́bi sílẹ̀, ibi kan ṣoṣo ló sì ń tan iná sí.

Ìwọ náà, ẹnì kan wà nínú ilé rẹ, tàbí níbi iṣẹ́ rẹ, tó húkọ́ lọ́jọ́ kan tí o kò gbàgbé. Bí nǹkan bá ti mì, ibẹ̀ lọwọ́ rẹ ń lọ kí ojú rẹ tó ríran. O ní ara rẹ̀ ń gbóná, o ní ariwo rẹ̀ pọ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wo ẹni tó dákẹ́ ná. Ó lè jẹ́ pé ẹrù tiẹ̀ ni ẹni tó ń pariwo ń rù.

Kí o tó fa ọ̀pá, dárúkọ rẹ̀ sókè, kí ẹlòmíràn bá ọ wò ó. Má gbàgbé pé èrò wà lẹ́yìn rẹ nínú ọkọ̀, àti pé àwọn kan nínú wọn, a kò tíì bí wọn.