Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Ru Òkú Òdòdó Wálé

Ẹni tó bá ní ọbẹ̀ lórí iná, kí ó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó tó wá jókòó, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi etí kan gbọ́. Ọ̀rọ̀ òróró ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀rù sì ni pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ń da òróró sínú ìkòkò bí ẹni ń da omi, tí ẹ kò béèrè rí bóyá igi tó so ó ní ìyá, ẹ gbọ́ ohun tí ojú Ọdẹ́rìndé rí.

Ọdẹ ni Ọdẹ́rìndé ní Òkè-Tútù, ìlú orí òkè tí àgbàlagbà ti ń wọ ẹ̀wù méjì lọ́sàn-án gangan. Bàbá rẹ̀ pa ẹfọ̀n, bàbá bàbá rẹ̀ pa ẹkùn, òun náà sì pa ohun tó pa. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí, obìnrin ni, Fẹ́híntọlá ni orúkọ rẹ̀, ìwé sì ni òun ń dọdẹ ní tirẹ̀. Ó kàwé títí ó fi di ọ̀mọ̀wé nípa ohun ọ̀gbìn, ó padà wálé, ó sì tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìlú láti fi ṣe ọgbà ìwádìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀pẹ kì í ṣe dáadáa ní Òkè-Tútù. Òtútù kì í jẹ́ kí ẹyìn gbó, ìrìn ọjọ́ méjì ni àwọn obìnrin sì ń rìn sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tó rí epo rà.

Olùkọ́ Fẹ́híntọlá ló fún un ní ẹ̀ka igi kan tí ń jẹ́ kamẹ́líà, igi ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ràn òkè àti òtútù, tí àwọn ará ibẹ̀ ń fún òróró dídán láti inú èso rẹ̀, tí wọ́n fi ń dín nǹkan, tí wọ́n sì fi ń pa irun. Ó gbin ẹ̀ka náà, ó hù. Ó gé ẹ̀ka lára rẹ̀, ó tún gbìn ín, títí igi náà fi di ogójì. Lójoojúmọ́ ni ó ń wọn gíga wọn, tí ó ń kọ iye òjò tó rọ̀ sínú ìwé. Ní ọdún kẹfà, àwọn igi náà yọ òdòdó funfun, gbogbo ìlú sì wá wò wọ́n. Ṣùgbọ́n òdòdó náà rẹ̀ dànù, èso kò tẹ̀lé e. Ọdún keje, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọdún kẹjọ, àwọn ènìyàn ti ń pè é ní ọgbà oge. Ìgbìmọ̀ ìlú wá là á mọ́lẹ̀ pé bí ọdún iṣu tuntun tó ń bọ̀ bá dé tí àwọn kò rí èso kan lórí igi wọ̀nyí, àwọn yóò gé wọn lulẹ̀, àwọn yóò sì gbin àgbàdo síbẹ̀.

Fẹ́híntọlá kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó pe bàbá rẹ̀ sínú ọgbà, ó sì sọ fún un pé òun ti mọ ohun tó ń ṣe igi náà.

Ó ní, "Bàbá, ara ẹ̀ka kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti wá. Kí igi yìí tó lè so, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó igi kan gbọ́dọ̀ wọ inú òdòdó igi mìíràn. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, igi yìí kì í sì í fẹ́ ìbátan rẹ̀. Àṣìṣe mi ni. Ìran mìíràn ni mo nílò, n kò sì mọ ibi tí mo ti lè rí i kí wọ́n tó gbé àáké dé."

Ọdẹ́rìndé mọ ibẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ti sọ fún un rí pé nínú Igbó Ìpayà, ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí Òkè-Tútù, òkè kan wà tí igi olódòdó funfun bò, tí èso rẹ̀ tó ọsàn wẹ́wẹ́, àti pé òun tí òun pa ẹkùn, ńṣe ni òun sá kúrò níbẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ̀rù ba Ọdẹ́rìndé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ọdẹ tó bá ní ẹ̀rù kì í ba òun, irọ́ ló ń pa, tàbí kó jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ló ti ń dọdẹ. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì rí i pé ó ti rù. Ó ní òun yóò lọ bá a mú èso wá. Fẹ́híntọlá fún un ní àpò aṣọ, ó sì kìlọ̀ fún un pé èso tó gbó ni kí ó mú, kí ó má sá a sóòrùn.

Ní ọjọ́ kìíní, ẹyẹ ń ké. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí àgbà bá wọlé bá ọmọdé tó ń pariwo. Láti ìgbà náà ni Ọdẹ́rìndé ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Bí ó bá dúró, ẹsẹ̀ náà á dúró. Bí ó bá yára, òun náà á yára. Ó pe ọfọ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ, ó sì gbọ́ tí ohùn kan ń bá a pe ọfọ̀ náà, tí ó ń ṣáájú rẹ̀ dé ìparí. Ó ronú pé kí òun padà. Ó rántí ìwé tí ọmọ rẹ̀ ń kọ òjò sí láti ọdún mẹ́jọ, ó sì ń lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ó bá ẹ̀dá kan ní ẹnu ọ̀nà òkè náà. Ó ga tó ògiri ilé alájà, ara rẹ̀ rí bí òkìtì ọ̀gán, ẹ̀yìn ni ojú rẹ̀ sì kọ sí, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ sí Ọdẹ́rìndé tí ó sì ń wò ó kòrókòró. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, ó kí i pé àgbà inú igbó, ó sì sọ fún un pé èso ni òun wá tọrọ fún ọmọ òun.

Ẹ̀dá náà ní, "Gbogbo ẹni tó bá kọjá níbí ni mo ń bi ní ìbéèrè kan. Ìyá wo ni ó lóyún sínú, tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì bú ọkọ rẹ̀?"

Ọdẹ́rìndé ronú títí. Ní Òkè-Tútù, bí obìnrin bá lóyún nígbà tí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kò tí ì já lẹ́nu ọmú, ọkọ rẹ̀ kò ní lè gba àárín ọjà kọjá fún oṣù mẹ́ta. Ó dáhùn pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò sí, pé ọmọ a máa já lẹ́nu ọmú kí àbúrò rẹ̀ tó dé.

Ẹ̀dá náà rẹ́rìn-ín láìsí ìró. Ó ní, "O kò mọ̀ ọ́n. N kò ní pa ọ́ nítorí àìmọ̀, nítorí kò tí ì pa ẹnikẹ́ni lára. Máa kọjá lọ. Ohun tí ẹnu rẹ kò lè dáhùn, ọwọ́ rẹ yóò dáhùn rẹ̀." Ó sì yà fún un lọ́nà.

Nígbà tí Ọdẹ́rìndé gun òkè náà, ó rí wọn. Àwọn igi náà lọ bí ilẹ̀ ti lọ. Òdòdó funfun wà lórí wọn, èso sì wà lórí wọn pẹ̀lú, tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí òmíràn ti ń sán. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀lé e. Ó wá ṣe ohun tí gbogbo ọmọ Òkè-Tútù ń ṣe bí wọ́n bá rí mángòrò tàbí ìyeyè tó pọ́n. Ó gé ọ̀pá gígùn, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu igi.

Èso ń bọ́ pàrà, pàrà. Òdòdó funfun náà sì ń bọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí ó fi máa wo ilẹ̀, funfun tó wà níbẹ̀ ju èso lọ. Lẹ́yìn náà ni igbó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹkún ọmọ ọwọ́ ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ọwọ́, láti orí gbogbo ẹ̀ka. Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ Ọdẹ́rìndé. Ìtọ̀ gbígbóná ṣàn sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ kò sí níbẹ̀. Ó fẹ́ sá, ṣùgbọ́n gbòǹgbò ti yọ láti inú ilẹ̀, ó sì ti di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú. Obìnrin kan sì jáde láti àárín igi, ó ga, irun rẹ̀ funfun, òróró ń kán láti orí ìka rẹ̀. Ilẹ̀ tí òróró náà kán sí ń dán.

Obìnrin náà ní, "Ìwọ lo lù mí."

Ọdẹ́rìndé ní, "Ìyá, èso ni mo lù."

Ó fa ẹ̀ka kan sọ̀kalẹ̀ sí ojú rẹ̀, ó ní kí ó wò ó. Ọdẹ́rìndé wò ó. Ní orí ẹ̀ka kan náà, èso tó gbó wà, òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Obìnrin náà ní oṣù mọ́kànlá ni òun fi ń gbé ọmọ òun, àti pé kí ti ọdún yìí tó sọ̀ kalẹ̀ ni ti ọdún tó ń bọ̀ ti wà lára òun. Ó wá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ìyá wo ni ó lóyún sínú, tí ó pọn ọmọ sẹ́yìn?"

Ọdẹ́rìndé tẹrí ba. Ó ní, "Ẹ̀yin ni, Ìyá. Mo sì ti fi ọ̀pá lu aboyún."

"Kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá lu aboyún nílùú yín?"

Ọdẹ́rìndé mọ̀ pé òun lè ní òun kò mọ̀. Ó mọ̀ pé òun lè purọ́ pé owó ìtanràn díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹkún àwọn ọmọ náà kò tí ì dákẹ́, kò sì lè gbé irọ́ lé e lórí. Ó ní, "Wọ́n ń lé e jáde nílùú ni, Ìyá. Kò sí ẹni tí yóò bá a jẹun mọ́."

Obìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò lára ẹ̀ka náà. Gbòǹgbò náà tú díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "O dá ara rẹ lẹ́bi, n kò ní dá ọ lẹ́bi lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n èso mi, o kò ní mú ẹyọ kan lọ. Àwọn tí o pa ni o máa rù. Ṣa òkú wọn sínú àpò rẹ, kí o gbé wọn fún ẹni tó rán ọ, kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ ohun tí o ṣe. Omi kò gbọdọ̀ kàn wọ́n. O kò gbọdọ̀ gbé wọn kalẹ̀, o kò sì gbọdọ̀ fún wọn mọ́ra. Bí ìkán omi kan bá kàn wọ́n, n ó mọ̀, n ó sì wá bá ọ nínú ilé rẹ. Bí irú mi bá sì so nílùú yín láéláé, tèmi ni àkọ́so rẹ̀."

Báyìí ni Ọdẹ́rìndé ṣe kúnlẹ̀ tí ó ń ṣa òdòdó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí omijé ń dà lójú rẹ̀, tí ó sì ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omijé má baà kán sínú àpò.

Ọ̀nà àbọ̀ burú ju ti àlọ lọ, nítorí ẹ̀rù méjì ló ń bà á báyìí, ẹ̀rù ohun tó wà lẹ́yìn, àti ẹ̀rù ojú ọmọ rẹ̀ tó wà níwájú. Ní ọjọ́ kejì, òjò ṣú. Ó sá sábẹ́ àpáta kan, ó bọ́ gbẹ̀rí ọdẹ rẹ̀, ó fi bo àpò náà, ó sì tẹ ara rẹ̀ sórí rẹ̀ láìjẹ́ kí ó kàn án, bí adìẹ tó ń ràdọ̀ bo ọmọ. Òjò náà rọ̀ sí i ní ìhòòhò ẹ̀yìn títí ó fi dá. Kò dùbúlẹ̀, kò gbé àpò náà kalẹ̀, orí itan rẹ̀ ni àpò náà wà bí ó ti ń tòògbé.

Ọ̀sán ni ó wọ ìlú. Fẹ́híntọlá wà nínú ọgbà, òdòdó tirẹ̀ là rẹrẹ lórí ogójì igi, láìní ìrètí. Ọdẹ́rìndé nàró níwájú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ti ọ̀pá pamọ́.

Ó ní, "Èso kankan kò sí, ọmọ mi. Òkú òdòdó ni mo rù wá. Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́."

Fẹ́híntọlá ṣí àpò náà. Ó fi ìka kan òdòdó kan nínú rẹ̀, ìka náà sì pọ́n bí ìyeyè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bàbá rẹ̀ rò pé ìbànújẹ́ ni, ó sì ń wá ibi tí ilẹ̀ yóò ti lanu gbé òun mì.

Fẹ́híntọlá ní, "Bàbá, lẹ́búlẹ́bú ìran mìíràn nìyí. N kò sọ fún yín pé kí ẹ mú òdòdó wá nítorí mo rò pé òjò yóò pa á lọ́nà. Bí ó bá jẹ́ èso ni ẹ mú wá, ọdún mẹ́fà ni ì bá gbà kó tó yọ òdòdó, wọn ì bá sì ti gé tèmi. Gbígbẹ ló gbẹ yìí, ẹyọ kan kò fọ́. Ta ló kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbé e?"

Ọdẹ́rìndé ní, "Ẹ̀rù ni."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Fẹ́híntọlá ń fi ìyẹ́ adìẹ kó lẹ́búlẹ́bú náà sínú òdòdó tirẹ̀, ó ń so òwú pupa mọ́ èyí tó bá ti fọwọ́ kàn, bàbá rẹ̀ sì ń di àkàbà mú. Nígbà tí ọdún iṣu tuntun dé, ìgbìmọ̀ ìlú wá pẹ̀lú àáké. Wọ́n bá èso wẹ́wẹ́ níbi gbogbo tí òwú pupa wà, níbi tí kò sì sí òwú, wọn kò bá nǹkan kan. Wọ́n gbé àáké wọn padà.

Nígbà tí èso náà gbó, gbogbo ìlú jáde láti wá kórè, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n mú dání. Ọ̀pá ni. Baálẹ̀ pàápàá mú tirẹ̀. Ọdẹ́rìndé dúró ní ẹnu ọ̀nà ọgbà, ó sì ní kí wọ́n wo ẹ̀ka kan kí wọ́n tó gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n wò ó, wọ́n rí òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èso. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ló kọ́kọ́ ju ọ̀pá sílẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi já gbogbo rẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọdẹ́rìndé gbé àkọ́so lọ sí etí Igbó Ìpayà. Ẹ̀rù bà á bíi ti àkọ́kọ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó di ojú, ó sì ní kí Ìyá gba tiwọn. Nǹkan tutù kan kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó lajú, èso kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Òdòdó funfun ló kún ibẹ̀, gbígbẹ, lẹ́búlẹ́bú wọn pé. Láti ọdún náà ni Òkè-Tútù ti di àna igbó yẹn, tí wọ́n ń gbé èso lọ, tí wọ́n sì ń gba òdòdó bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ mi, ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má bẹ̀rù débi pé ẹ kò ní jáde nílé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ohun ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín díẹ̀. Kí ẹ tó na ọwọ́ sí èyí tó pọ́n, ẹ wo èyí tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tó. Ẹ lọ gbé ọbẹ̀ yín padà sórí iná, bí ẹ bá sì ń da òróró sí i, ẹ rọra dà á.