Ohun Tí Alákàn Rí ní Ojúsun

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún fún ara yín, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà lè ráyè jókòó. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra, ó wọ igbó lọ, ó dá lórí Ọdẹ́bùnmi olùṣọ́ igbó, ó sì dá lórí Alákàn inú odò.

Láyé ọjọ́un, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, igbó ńlá kan wà lẹ́yìn ìlú Olókùúta. Ẹlẹ́dàá ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin igbó náà. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ń pa ẹran, wọ́n ń gé igi, wọ́n ń sun koríko, títí igbó fi ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Ọba wá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dẹ igbó náà mọ́. Ó ránṣẹ́ pe Ọdẹ́bùnmi, obìnrin kan tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọdẹ kí ó tó dolóògbé.

Ọba ní, "Ìwọ ni mo fi ṣe ìríjú igbó yìí. Mo fún ọ ní ogún géńdé fún ọjọ́ mẹ́ta péré, nítorí iṣẹ́ oko pọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, n óò wá wò ó. Bí mo bá bá ẹranko nínú rẹ̀, ó di ti ọmọ-ọmọ wa. Bí mo bá bá a lófìfo, n óò pín in fún àwọn àgbẹ̀."

Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, mo gbọ́."

Ó wọ igbó, ó pe gbogbo ẹranko jọ, ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́. Ariwo sọ gèè. Erin fẹ́ ọ̀nà gbọọrọ tí òun àti ìdílé òun yóò máa gbà. Ẹkùn fẹ́ ọgbà yí àpáta rẹ̀ ká. Ẹfọ̀n fẹ́ pápá tí yóò ti máa jẹ koríko. Alákàn na ọwọ́ sókè lẹ́yìn pátápátá, ẹnìkan kò rí i.

Ọdẹ́bùnmi ronú títí, ó wá rántí bí bàbá rẹ̀ ṣe ń pín ẹran ìgbẹ́: àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ó ní, "Ti Erin lónìí, ti Ẹkùn lọ́la, ti Ẹfọ̀n lọ́túnla. Ẹ̀yin kéékèèké, ẹ ní sùúrù, yóò kàn yín."

Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n la ọ̀nà Erin. Àáké ń dún gbì, gbì, gbì. Ọkọ́ ń ro wàà, wàà, wàà. Gbogbo erùpẹ̀ àti ẹ̀ka igi, wọ́n ń dà á sí kòtò tútù kan lẹ́bàá ọ̀nà. Wọn kò mọ̀ pé ojúsun odò ni. Ní ìrọ̀lẹ́, Alákàn fẹ̀gbẹ́ rìn dé, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ọdẹ́bùnmi olùṣọ́gbó,
*Kéréǹkéré, omi ń lọ.*
Ojúsun ti dí o,
*Kéréǹkéré, omi ń lọ.*
Wá fojú ara rẹ rí i,
*Kéréǹkéré, omi ń lọ.*

Àwọn géńdé bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹni tí kò lè rìn tààrà, òun ló fẹ́ fọ̀nà hanni."

Ọdẹ́bùnmi ní, "Alákàn, ṣé ìwọ ló yẹ kó ṣáájú Erin? Tìẹ ń bọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń wá òpó fún ọgbà Ẹkùn. Igi tó gún régé pọ̀ lẹ́bàá odò, wọ́n gé e. Àwọn igi náà ló ń ṣíji bo omi. Oòrùn wọlé, ó jókòó sórí omi, ó ń mu ún. Alákàn tún dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti gbẹ:

Ọdẹ́bùnmi olùṣọ́gbó,
*Kéréǹkéré, omi ń lọ.*
Ìbòji ti tán o,
*Kéréǹkéré, omi ń lọ.*

Ọdẹ́bùnmi fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n Ẹkùn wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìyá olùṣọ́, ta ló ń pàṣẹ níbí, ẹ̀yin ni àbí alákàn?" Ọdẹ́bùnmi jókòó padà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó lọ pọn omi fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó ti igbá bọ odò, igbá ha iyanrìn: kẹrẹrẹ. Omi kò bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Alákàn wà lórí òkúta, ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Orin ọ̀hún kò jáde mọ́, ó kàn ń mi ẹnu: *kéréǹkéré… kéréǹkéré…*

Ọdẹ́bùnmi tọ ipa odò dé ojúsun. Ó rí erùpẹ̀, ó rí ẹ̀ka igi, ó sì mọ̀ wọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní, "Ẹlẹ́dàá mi, o ní kí n máa ṣọ́ ọgbà rẹ, èmi náà ni mo sì ń pa á. Dárí jì mí. Fi ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀ hàn mí."

Alákàn, tó ti wọ́ tẹ̀lé e, sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Ìyá olùṣọ́, orí ibẹ̀ náà lẹ kúnlẹ̀ sí."

Kò pẹ́ ni Ẹfọ̀n dé pẹ̀lú àwọn géńdé, ó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀, Erin àti Ẹkùn sì ń bọ̀ lẹ́yìn. "Èmi ló kàn."

Ọdẹ́bùnmi ní, "Bàbá Ẹfọ̀n, bí mo bá ro pápá yín lónìí, níbo lẹ ó ti mumi lọ́la?"

Ẹfọ̀n fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó wo ibi tí odò ti gbẹ.

Erin ní, "Ọ̀nà mi kò tíì dé ìdajì." Ẹkùn ní, "Ọgbà mi kù apá kan."

Ọdẹ́bùnmi ní, "Mo mọ̀. Kò ní parí. Ẹ jẹ́ ká lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Bí ojúsun yìí bá kú, ọ̀nà Erin yóò di ọ̀nà tí gbogbo yín yóò gbà ṣí lọ."

Erin ló kọ́kọ́ gbéra. Ó fi ọwọ́jà rẹ̀ fa ìtì igi kan yọ nínú kòtò: fàù! Àwọn géńdé bẹ̀rẹ̀ sí í kó erùpẹ̀. Ẹkùn fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n tú òpó ọgbà òun, kí wọ́n fi gbá etí odò mú kó má baà ya. Wọ́n hú ọmọ igi láti ibòmíràn, wọ́n gbìn ín yí ojúsun ká. Ẹfọ̀n àti àwọn ará rẹ̀ jẹ koríko, wọ́n tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀ yíká, kí iná má baà rí ohun tí yóò jó dé ibẹ̀. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n gbọ́ tó… tó… tó. Lẹ́yìn náà, ṣọ̀ọ̀rọ̀! Alákàn bọ́ sómi, gbogbo igbó gbe orin rẹ̀:

Ọdẹ́bùnmi olùṣọ́gbó,
*Kéréǹkéré, omi ń bọ̀.*
Ojúsun ti là o,
*Kéréǹkéré, omi ń bọ̀.*

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà le. Iná oko ru wá, ó dé ibi tí àwọn ẹfọ̀n tẹ̀, ó kú. Odò mìíràn gbẹ, ti igbó yìí ń ṣàn.

Ọba wá dé. Ó rí ọ̀nà tó dúró sí ìdajì, ó rí ọgbà tó ti tú. Ojú rẹ̀ le. "Ọdẹ́bùnmi, kí lo fi ogún géńdé ṣe?"

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ níwájú díẹ̀."

Wọ́n dé etí odò. Erin wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ìgalà wà níbẹ̀, ẹtu, ọ̀bọ àti ẹfọ̀n, gbogbo wọn dorí kodò, wọ́n ń mumi. Ọba bọ́ bàtà, ó bu omi mu.

Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò ní pín in. Lọ́dọọdún, n óò máa fún ọ ní géńdé. Lọ́dún tó ń bọ̀, níbo lo ó ti bẹ̀rẹ̀?"

Ọdẹ́bùnmi ní, "Kábíyèsí, n kò tíì mọ̀. N óò kọ́kọ́ rin igbó náà já, kí n tó fọwọ́ kan ọkọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, ibi tí ẹsẹ̀ ààlọ́ mi gbé mi dé nìyí. Ó kọ́ wa pé bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ ìríjú, kì í ṣe ẹni tó tóbi jù, kì í sì í ṣe ẹni tí ohùn rẹ̀ le jù, ni yóò kọ́kọ́ dá lóhùn. Ohun tí ẹ̀mí gbogbo wọn rọ̀ mọ́ ni kó kọ́kọ́ tún ṣe. Ìyókù yóò tẹ̀lé e. Olúwa tó ni igbó kò ní bi wá bóyá a parí gbogbo rẹ̀. Yóò bi wá bóyá ohun tó fi sí ìkáwọ́ wa ṣì wà láàyè.