Ìdí tí Igi Ọdán Fi Dì Mọ́ Ògiri Tẹ́ńpìlì

Nígbà láéláé, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, abẹ́ ilẹ̀ ni gbogbo gbòǹgbò Ọdán máa ń wà, bíi ti àwọn igi yòókù. Kò sí irùngbọ̀n kankan tó ń já sílẹ̀ láti orí ẹ̀ka rẹ̀ bí ẹ ti ń rí i lónìí. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, kí n sọ bó ṣe di onírùngbọ̀n.

Ìlú kékeré kan wà lọ́nà jíjìn, lápá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Ẹ̀kọ́ Búdà ni àwọn ará ibẹ̀ ń tẹ̀lé. Wọ́n fi bíríkì pupa kọ́ tẹ́ńpìlì ńlá kan, wọ́n sì gbé ère Búdà sínú rẹ̀. Ère náà jókòó, ó ká ẹsẹ̀, ó wo ilẹ̀ jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí èèrà ń sọ.

Èèwọ̀ méjì ni àwọn ènìyàn yìí ní. Wọn kì í pa ohun ẹlẹ́mìí. Wọn kì í sì í mú ohun tí ẹni tó ni ín kò bá yọ̀ǹda fún wọn. Àní bí èèrà bá tò kọjá lọ́nà, wọ́n á dúró títí ti ìkẹyìn á fi kọjá. Ọbẹ̀ wọn a sì máa tutù.

Ní ọjọ́ kan, ẹyẹ Oròfó jẹ èso ọdán yó nínú igbó, ó wá bà lórí Ògiri tẹ́ńpìlì, ó sì ṣu. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kóró ọdán wà nínú ohun tó ṣu. Òjò rọ̀, kóró náà sì hù láàárín bíríkì.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún Ògiri. Ó ké pe Bàbá Sumeda, àgbàlagbà tó ń tọ́jú tẹ́ńpìlì.

"Bàbá, ẹ wá wo nǹkan kan ní èjìká mi."

Bàbá gun àkàbà, ó wò ó. "Ta nìyí?"

"Ọdán ni, Bàbá. Oròfó ló gbé mi wá. Mi ò mọ̀nà ilé mọ́."

"Ṣé kí n gbé ọ lọ gbìn sí ilẹ̀ tó dára?"

Ọdán wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Ó ń rí odò, ó ń rí òrùlé gbogbo ìlú. "Ibí wù mí, Bàbá. Atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi."

Bàbá Sumeda sọ̀ kalẹ̀. "Ògiri, o gbọ́ fúnra rẹ. Kò yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún mi."

"Ẹ tún ń bi í léèrè ni? Ọmọ ọwọ́ ni. Ta ní ń bi ọmọ ọwọ́ bóyá kó wẹ̀?"

"Èèwọ̀ ni èèwọ̀ ń jẹ́," ni Bàbá wí. Ó padà gòkè, ó sì bu omi sí Ọdán nídìí.

Ògiri ń kùn. "Ó dáa. Ẹ máa bu omi fún ẹni tó ń jẹ mí léjìká."

Ọdún gorí ọdún. Bàbá Sumeda kú. Odò ìlú náà yà gba ibòmíràn, àwọn ènìyàn sì kẹ́rù tẹ̀lé omi. Òrùlé tẹ́ńpìlì wó, ewé bo ẹnu ọ̀nà. Ó wá ku Ògiri, Ọdán àti ère Búdà.

Ìgbà náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ dé. Ẹ mọ Ọ̀kẹ́rẹ́, kò sí ihò tí kì í yọjú sí. Ó wọlé, ó wo ibí, ó wo ọ̀hún. Ó gun orúnkún ère, ó wo ojú rẹ̀ fínnífínní, ó bẹ́ sílẹ̀. Bó ti ń rìn yí Ògiri ká, ó rí i pé òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ ti jẹ wọnú, bí ipa ọ̀nà.

"Kí ló jẹ òkúta yìí báyìí?"

"Ẹsẹ̀ ènìyàn ni," ni Ògiri dáhùn. "Wọn kì í wọ bàtà. Wọ́n á rìn yí mi ká láti fi bọ̀wọ̀ fún Búdà, wọ́n á fi mí sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ni ìwọ fi mí sí, ṣùgbọ́n àlejò ni ọ́."

Ọ̀kẹ́rẹ́ yí padà, ó tún un rìn. Nígbà tó dé ẹ̀yìn, ó dúró. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń gba inú Ògiri kọjá.

"Ògiri, o ti là. Mo ń rí òdìkejì." Ó ki orí bọ inú ihò náà. "Gbòǹgbò ló kún ibí. Ọdán, ìwọ lo ń pa á."

Àyà Ọdán já. Inú òkùnkùn ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. "N ó fà wọ́n yọ," ló wí.

"Bí o bá fà wọ́n yọ, mo wó," ni Ògiri dáhùn. "Bí o bá sì ń sanra sí i, mo wó. Orí ère yìí ni n ó sì wó lé."

Òjò ń ṣú bọ̀ lókèèrè.

Ìbéèrè kì í tán lẹ́nu Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ní, "Ṣé dandan ni kí gbòǹgbò wà nínú? Ṣé kò lè gba ìta ni?"

"Igi wo lo ti rí i lára rẹ̀?" ni Ọdán bi í.

"Mi ò rí i rí. Ìdí tí mo fi ń bèèrè nìyẹn."

Ògiri bá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ọdán, ọjọ́ tí Bàbá fẹ́ gbé ọ lọ, o ní ibí wù ọ́. Bó bá wù ọ́ lóòótọ́, dì mí mú."

Ọdán mí kanlẹ̀. Ó yọ gbòǹgbò tín-ín-rín kan láti ara ẹ̀ka rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Ojú tì í, ó dà bí ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ lójú ọjà. Síbẹ̀ ó yọ òmíràn, ó tún yọ òmíràn. Wọ́n já sílẹ̀, wọ́n wọ ilẹ̀, wọ́n lọ́ mọ́ Ògiri níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn, bí ìyá ti ń fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ra.

Ìjì dé. Ògiri mì, ó tẹ̀ síwájú. Ọdán fún un mọ́ra. Nígbà tí òjò dá, bíríkì díẹ̀ ti já bọ́, ṣùgbọ́n Ògiri dúró, ère sì jókòó síbi tó wà.

Láti ọjọ́ náà ni gbòǹgbò Ọdán ti ń já láti òkè wá sílẹ̀, títí kan ti ọdán tó wà ní gbàgede tiwa níbí. Àwọn tó ń lọ wo àwókù tẹ́ńpìlì ìlú yẹn kì í sì í gé Ọdán ibẹ̀, nítorí bó bá lọ, Ògiri á bá a lọ. Bí ẹ bá bi Ògiri pé ta ló là á, á ní Ọdán ni. Bí ẹ bá tún bi í pé ta ló gbé e dúró, á ní Ọdán náà ni.