Èsì tí Àbẹ̀jẹ́ Fi Ránṣẹ́ sí Olúọdẹ

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ta ni kò gbọ́ ọ rí? Kò sí ìjà tí àgbà kan kì í fi í là. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: àpò ta ni? Apó ta ni? Kí ni wọ́n sọ tí ọfà fi jáde? Àwọn kan rò pé ìjà tọkọtaya ló bí òwe yìí. Irọ́ ni. Ọjà ló bí i, ọjà tí ẹni tó rà á ń retí, tí kò tètè dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lórí fóònù, tí oníbàárà ń kọ̀wé sí láàárọ̀ lọ́sàn-án pé ẹrù òun dà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ sọ.

Láyé àtijọ́, ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ayérò, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láṣebìkan. Iṣẹ́ awọ ló ń ṣe. Ó ń rán àpò, ó ń rán apó tí ọdẹ ń kó ọfà sí, ó ń rán bàtà àti gàárì ẹṣin, omi kì í sì í gba ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n Láṣebìkan kì í sọ̀rọ̀. Bí o kí i, orí ni yóò mì sí ọ. Nítorí náà, Àbẹ̀jẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń gba iṣẹ́ sílẹ̀, òun náà ló ń dá oníbàárà lóhùn. Ọkọ ni ọwọ́, ìyàwó ni ẹnu.

Ẹnu náà sì mú. Kì í ṣe pé Àbẹ̀jẹ́ burú o. Kì í jalè, kì í fi awọ tó ti jẹrà tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí kò lè fara dà ni kí ènìyàn máa yọ ọ́ lẹ́nu. Obìnrin kan wá béèrè bàtà ọkọ rẹ̀, Àbẹ̀jẹ́ ní kí ọkọ náà ṣì máa lo àtẹ́lẹsẹ̀ tí Ọlọ́run rán mọ́ ọn, ìyẹn ò já rí. Ọkùnrin kan ní kí Àbẹ̀jẹ́ wo ojú òun, ìgbà kẹta tí òun ń wá nìyí. Àbẹ̀jẹ́ ní òun ti wò ó, òun ò rí ibi tó ṣeé tún rán níbẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò a rẹ́rìn-ín títí, wọn a di ìhà mú. Ẹ̀rín yẹn ló ba Àbẹ̀jẹ́ jẹ́. Ẹni tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun ń dun ẹlòmíràn.

Ní ọdún kan, Olúọdẹ ìlú Ọdẹgbó, ìlú tó jìnnà sí Ayérò ní ìrìn ọjọ́ méjì, ránṣẹ́ pé òun fẹ́ ogún apó. Ikán ti jẹ tàwọn ọdẹ òun. Ó ti fi oyin àti ẹran gbígbẹ san gbogbo owó rẹ̀ ṣáájú. Àbẹ̀jẹ́ ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kí oṣù tó wà lókè yẹn tó wọ̀, apó á dé. Awọ ẹfọ̀n tó nípọn ni wọ́n fi ń rán apó, òdìkejì odò ńlá ni wọ́n sì ti ń rà á. Látẹ́jú, ọmọ kan ṣoṣo tí Àbẹ̀jẹ́ bí, géńdé tó ti nírùngbọ̀n, ló lọ rà á.

Ni odò bá kún. Ọkọ̀ ojú omi ò lè kọjá. Látẹ́jú jókòó sí òdìkejì ti awọ tó ti rà, ó ń wo omi. Oṣù tó wà lókè wọ̀, òmíràn lé.

Ọdẹgbó ránṣẹ́ pé ẹrù àwọn dà. Àbẹ̀jẹ́ ní ó ń bọ̀. Wọ́n tún ránṣẹ́ pé ọjọ́ wo ni. Àbẹ̀jẹ́ ní ọjọ́ tó bá dé ni. Kò sọ̀rọ̀ odò, kò sọ̀rọ̀ Látẹ́jú. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti ń kánjú kì í ṣe ẹni tí à ń ṣàlàyé fún.

Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá àgbà kan ló wá. Ọdẹ́jìmí ni wọ́n ń pè é. Ó gbé àpò kọ́ èjìká òsì, ó gbé apó ògbólógbòó kan tí ikán ti jẹ ní etí kọ́ èjìká ọ̀tún, eruku ọ̀nà sì bò ó dé orúnkún. Àbẹ̀jẹ́ ń fọ awọ ewúrẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn obìnrin àdúgbò mélòó kan jókòó tì í, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá,” ni bàbá náà wí. “Ọdẹgbó ni mo ti ń bọ̀. Olúọdẹ ní kí n béèrè lọ́wọ́ yín, kí ni kí n sọ nílé?”

Àbẹ̀jẹ́ ò gbójú sókè. “Ẹ tún ti dé. Ṣé kò síṣẹ́ mìíràn ní Ọdẹgbó ju kí ẹ máa rìn wá sílé mi lọ ni?”

“Iṣẹ́ wà, ìyá. Kí ni kí n sọ nílé?”

“Bàbá, ẹ ti kọjá ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ apó. Ẹ lọ máa bá àwọn ọmọ-ọmọ yín ṣeré.”

Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. “Ẹ̀ẹ̀kan ló kù tí mo lè bi yín, ìyá. Àṣà wa ò gbà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Kí ni kí n sọ nílé?”

“Ẹ sọ fún Olúọdẹ yín pé bí ojú bá ń kán an tó bẹ́ẹ̀, kó bọ́ awọ ara rẹ̀, kó fi rán apó. Awọ àgbà ló máa ń nípọn.”

Ẹ̀rín tí wọ́n fẹ́ rín kú sí wọn lẹ́nu. Bàbá náà na ọwọ́ sí èjìká ọ̀tún, ó fa ọfà kan yọ, ó gún un mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Láṣebìkan gan-an, ó sì yí padà, ó ń lọ. Ìrù ọfà náà ṣì ń gbọ̀n nígbà tó kọjá ìyànà.

Láṣebìkan jáde síta. Ó wo ọfà, ó wo ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin náà sì wo ara wọn, nítorí àwọn kan nínú wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ wọn wá sí àdúgbò.

“Àbẹ̀jẹ́, kí lo sọ fún un?”

Àbẹ̀jẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ awọ ewúrẹ́ tó ń fọ̀.

“Ẹni tí Ọdẹgbó bá gún ọfà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ti ti ọ̀nà wọn mọ́ ọn nìyẹn. Ará ilé rẹ̀ tí wọ́n bá rí níbẹ̀, wọ́n á mú un. Ọ̀nà wo ni Látẹ́jú máa gbà darí wálé?”

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti odò wá sílé, ó gba Ọdẹgbó kọjá, Àbẹ̀jẹ́ sì mọ̀ ọ́n. “Wọn ò tó bẹ́ẹ̀,” ló wí. Gbogbo ọjọ́ yẹn ló fi ń sọ pé wọn ò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó di gèlè mọ́ ìdí, ó kọrí sí Ọdẹgbó.

Wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ rí bó ṣe wọ agboolé Olúọdẹ ni Látẹ́jú, ó jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ti de ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Omi ti fà, ó ti sọdá, kò mọ nǹkan kan, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló rìn wọ̀lú tó ń kí gbogbo ẹni tó bá rí. Awọ ẹfọ̀n tó fẹ́ kó lọ sílé wà ní ìdì ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Awọ apó tí Ọdẹgbó ń béèrè láti oṣù méjì ni Ọdẹgbó dè mọ́lẹ̀ yẹn.

Olúọdẹ jáde, àwọn ọdẹ yí i ká. Kò bú Àbẹ̀jẹ́. Ó kàn ní kí Ọdẹ́jìmí tún èsì tó gbà ní Ayérò sọ, nítorí ní Ọdẹgbó, ìránṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi kún èsì, kò sì gbọdọ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀. Bàbá náà fi ohùn pẹ̀lẹ́ kà á bí ó ṣe rí: kí Olúọdẹ bọ́ awọ ara rẹ̀, kó fi rán apó, awọ àgbà ló máa ń nípọn. Ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ Àbẹ̀jẹ́ lẹ́nu ní Ayérò ta á létí bí omi gbígbóná. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Látẹ́jú gbórí sókè. “Ìyá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́?”

Kí Àbẹ̀jẹ́ tó rí nǹkan kan sọ, Olúọdẹ nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Òkìtì kan wà níbẹ̀, yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ṣì pupa.

“Àbúrò mi ló wà níbẹ̀ yẹn,” ni Olúọdẹ wí. “Kò ní apó. Ó fi aṣọ di ọfà olóró mọ́ ìdí, ó wọgbó. Ó kọsẹ̀, ọfà gún un nítan, kò bá wa délé láàyè. Ọjọ́ kejì tí a sin ín ni mo rán Ọdẹ́jìmí sí yín.”

Láti ìgbà tí Àbẹ̀jẹ́ ti dáyé, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ sí i tí kò rí èsì fún. Ọ̀kan tiẹ̀ ti dé ẹ̀yìn eyín rẹ̀, pé ṣé òun lòun ní kí odò kún ni. Òótọ́ sì ni, kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n ó wo yẹ̀pẹ̀ pupa yẹn, ó gbé èsì náà mì. Eékún rẹ̀ kanlẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀fọ̀, bàbá. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní fi àìmọ̀ bojú, ẹnu mi ló sọ ọ́, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín àti lọ́wọ́ ẹni tó sùn sọ́hùn-ún yẹn. Odò ló kún. Awọ wà lókè odò, ọmọ mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ló yẹ kí n ti ránṣẹ́ sí yín, kí ẹ tó bi mí. Ẹ bi mí títí, mi ò fún yín ní ohun tí ẹ lè dì mú. Awọ yìí ni apó yín. Mi ò ní kí ẹ tú ọmọ mi sílẹ̀ lásán. Ẹ jẹ́ kó gbé awọ lọ fún bàbá rẹ̀, kí èmi jókòó síbí dípò rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ mẹ́wàá òní, apó márùn-ún á ti dé fún àwọn tó gbọ́dọ̀ wọgbó. Kí oṣù yìí tó wọ̀, ogún á pé. Bí nǹkan kan bá tún dí wa lọ́wọ́, ẹ ó gbọ́ ọ lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀.”

Olúọdẹ yíjú sí ìránṣẹ́ rẹ̀.

“Ọdẹ́jìmí,” ló wí, “o ti gbọ́. Ṣe ohun tí mo ní kí o ṣe.”

Bàbá àgbà náà ṣì gbé àpò àti apó kọ́rùn bó ṣe gbé wọn lọ sí Ayérò. Gbogbo ojú tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀. Látẹ́jú di ojú. Ọwọ́ náà lọ sí èjìká òsì, ó tú ẹnu àpò, ó mú ewé kan tí wọ́n fi wé nǹkan jáde. Obì ni. Ó ti ń gbẹ létí.

“Bàbá, obì kẹ̀?” ni ọdẹ kan wí fún Olúọdẹ. “Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tó ní kí ẹ fi awọ yín ṣe ni?”

“Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ti òní náà,” ni Olúọdẹ dá a lóhùn.

Ọdẹ́jìmí gbé obì náà lé Àbẹ̀jẹ́ lọ́wọ́. “Tiyín ni, ìyá. Kì í ṣe òní ni a mú un wá fún yín. Olúọdẹ fi í rán mi sí yín lẹ́yìn ìsìnkú. Ó ní bí ẹ bá ti fi ohùn rere dá mi lóhùn, bó jẹ́ pé ẹ ò tíì rí awọ rárá, kí n fún yín, kí a sì máa retí. Ohun méjèèjì ni mo gbé délé yín. Ọ̀rọ̀ yín ló yan èyí tí mo yọ.”

Àbẹ̀jẹ́ di obì yẹn mú lórí ìkúnlẹ̀. Ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin àbúrò rẹ̀ nítorí apó tí kò dé ló fi obì ránṣẹ́ sí i, òun sì ní kó lọ bọ́ awọ ara rẹ̀. Látẹ́jú tí wọ́n ti tú sílẹ̀ ló gbé e nílẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbé awọ lọ sílé.

Ibẹ̀ ni òwe náà ti ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àwọn àgbà ń pa á fún ẹni tó fẹ́ fi ìbínú dá ẹni tó ń bínú lóhùn. Wọ́n ń pa á fún ẹni tó rò pé òótọ́ tí òun dì mú fún òun láyè láti sọ ọ́ bó ṣe wù ú. Wọ́n sì ń pa á fún ẹni tí ọjà rẹ̀ pẹ́, tí oníbàárà wá ń pariwo mọ́ ọn. Sọ ohun tó dí ọ lọ́wọ́ fún un, dá ọjọ́ fún un, tọrọ àforíjì. Kì í ṣe pé ó jù ọ́ lọ. O kàn ń rí ariwo rẹ̀ ni, o ò rí òkìtì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀.